Ẹ̀rọ Tí Akínlolú Fi Ṣọ́ Aya Rẹ̀

Ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á títí dé ìparí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní aláìsàn nílé.

Akínlolú kàwé nípa iná mànàmáná ní yunifásítì. Ní Ìkọ̀lé, òun ni wọ́n ń gbé ámpílífáyà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn di ńlá, wá bá fún àtúnṣe. Ṣọ́ọ̀bù páànù rẹ̀ wà lójú títì, ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ọgbà. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá Yéwándé, ìyàwó rẹ̀, dùbúlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti di tín-ín-rín. Bí itọ́ bá há a lọ́fun, àfi kí ẹnìkan tètè gbé e jókòó.

Bọ́sẹ̀dé, àbúrò Yéwándé, pè láti Ayébòdé.

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n wá bá yín gbé ulé. Màá máa jókòó tì í."

"Kí o wá di ọ̀gá lé mi lórí? Mò ń ṣe ẹ̀rọ tó máa gbọ́ ohùn rẹ̀ jù ọ́ lọ."

"Ẹ̀rọ ò lè gbé èèyàn jókòó, Bọ̀dá."

"Ẹ̀rọ á pè mí, èmi á gbé e." Ó pa fóònù.

Ó gbé máíkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó fa wáyà dé ṣọ́ọ̀bù, ó sì fi tíránsísítọ̀, ègé kékeré tó ń mú ohùn lágbára, ṣe ámpílífáyà kékeré. Nínú ìṣirò tó kọ́, wọ́n máa ń gbà pé iná tó ń bọ́ tíránsísítọ̀ kì í yí padà, ì báà gbóná, ì báà tutù. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ohùn tín-ín-rín nìkan ló kù láti ṣírò, ohùn náà a sì di ńlá lórí ìwé. Akínlolú gba ìyẹn gbọ́ bí ẹni gba Bíbélì gbọ́.

Láyí, tí wọ́n jọ kàwé, wá wo ẹ̀rọ náà.

"Akin, résítọ̀ tó ń fa iná rẹ̀ sẹ́yìn bó bá fẹ́ pọ̀ jù dà?"

"Mo yọ ọ́. Ó ń dín ohùn kù."

"Òun ni kì í jẹ́ kó yà bàrá nígbà ooru. Orí ìwé nìkan ni iná tí kì í yí padà wà."

"Wò ó! Ìwọ tí mò ń fi ìdáhùn hàn nínú ìdánwò!"

"O fi hàn mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tan án lábẹ́ páànù yìí lọ́sàn-án gangan kó o tó gbẹ́kẹ̀ lé e."

Kò ṣe é. Òwúrọ̀ tútù ló dán an wò. Yéwándé sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ láti ibùsùn, ohùn rẹ̀ sì kún ṣọ́ọ̀bù: "Ọkọ mi, ṣé ẹ ò sùn lẹ́nu iṣẹ́?"

Akínlolú bú sẹ́rìn-ín. Ó sáré wọlé. "Ṣé o rí i? O ò nílò ẹnikẹ́ni mọ́."

"Mo ṣì fẹ́ Bọ́sẹ̀dé."

Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Oṣù Ẹrẹ́nà dé. Oòrùn mú páànù bí ààrò. Tíránsísítọ̀ gbóná, iná inú rẹ̀ lé sí i, ẹ̀rọ náà sì há sójú kan bí ilẹ̀kùn tó wú. Gílóòbù rẹ̀ ṣì ń tàn, ṣùgbọ́n ohùn kankan kò lè gba ibẹ̀ jáde mọ́. Oníbàárà kan béèrè ìyàwó rẹ̀. "Ó ń sùn," ni Akínlolú wí. "Bí ó bá pè, màá gbọ́."

Nígbà tó gbé ẹ̀kọ lọ fún un, Yéwándé ti yọ̀ kúrò lórí ìrọ̀rí. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ síbi máíkì. Ara rẹ̀ ti tutù.

Lẹ́bàá ibojì, àwọn èèyàn ń rẹ Akínlolú lẹ́kún. Bọ́sẹ̀dé ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Kí ẹ̀rọ rẹ̀ wá rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé, ẹ ṣọ́ra. Ìṣirò lè tọ̀nà, kí ohun tí ẹ fi ọwọ́ ṣe má tọ̀nà. Bí ará bá ní òun fẹ́ wá jókòó ti aláìsàn yín, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un. Ènìyàn laṣọ ẹni; ẹni tó bá lé ènìyàn, ìhòòhò ló ń wá.