Ibi Tí Wọ́n Kó Ọmọ Jáde Sí

Ọmọ pé ọjọ́ mẹ́jọ, Ìyá Àwẹ̀ró, ìyá ìyá rẹ̀, gbé e mọ́ àyà, wọ́n fẹ́ kó ọmọ jáde. Kì í ṣe ìta ni wọ́n forí lé o. Ta ló tún ń ṣílẹ̀kùn ìta, nígbà tí ìta ò ṣeé gbé mọ́? Yàrá ewébẹ̀ ni, níbi tí iná aláwọ̀ àlùkò ti ń tàn sórí tẹ̀tẹ̀ àti ewúro. Gbogbo ẹbí ti fi awò dúdú bojú.

Fáramádé, ìyá ọmọ, dá ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Mọ̀ọ́mi, ẹ bò ó lójú. Iná yìí ń ba ojú jẹ́.”

“Ọmọ tí à ń kó jáde, ṣé a máa ń dì í lójú ni?”

“Ewébẹ̀ ni wọ́n ṣe iná fún, Mọ̀ọ́mi. Wọn ò ṣe é fún ọmọ èèyàn.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìyá dé egungun. Ó tú gèlè, ó fi bo ojú ọmọ. Ojú ọmọ yìí ni gbogbo wọn wá ń ṣọ́, kò sẹ́ni tó ṣọ́ ọwọ́ Ìyá. Láyé àtijọ́, orí òrùlé ni wọ́n ń da omi sí, kó lè kán sí ọmọ lára, kó mọ̀ pé òun ti dé ayé. Ìyá bu omi tí wọ́n fi ń rin ewébẹ̀, ó dà á sókè síbi iná.

Iná bú gbàù, ó kú. Òkùnkùn ṣú biribiri, omi kán sí ọmọ lára, ó figbe ta.

Kò sẹ́ni tó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Fáramádé ń fọwọ́ wá ewé tẹ̀tẹ̀ nínú òkùnkùn. “Kí la ó máa jẹ báyìí?”

Ìyá tú gèlè kúrò lójú ọmọ.

“Lajú, ọmọ mi,” ni ó wí. “Ìta nìyí.”