Bébà Pélébé Tó Wà Níkùn Ìbídùn

Ní àárọ̀ ọjọ́ keje, Ìbídùn àti Gbóyèga, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, jókòó sórí bẹ́ǹṣì kọ́ọ̀tù ìgbéyàwó, wọ́n ń dúró kí akọ̀wé pè wọ́n. Bébà pélébé tí òfin ní kí àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó lẹ̀ mọ́ ikùn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko ṣì wà níkùn wọn, tó ń gbé ohun tí ìfun àti ọkàn ẹnì kan ń mọ̀lára lọ sínú ẹnì kejì.

Gbóyèga wo Ìbídùn. Lójú ẹsẹ̀, Ìbídùn gbọ́ tí ìfun Gbóyèga lọ́ pọ̀ nínú tirẹ̀.

"Gbóyèga, ṣé o kórìíra mi ni? Gbogbo ìgbà tó o bá ti rí mi ni inú rẹ ń lọ́."

"Ẹ̀rù ló ń bà mí, Ìbí mi. Látọjọ́ yìí, inú tìẹ pa lọ́lọ́. Mo ní bóyá o ò fẹ́ mi mọ́."

Ojú ti Ìbídùn. Òun fúnra rẹ̀ ló fi pílásítà bo bébà tirẹ̀, kí Gbóyèga má bàa gbọ́ bí ọkàn òun ṣe ń lù kìkì nítorí rẹ̀, kó sì fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ̀yin méjì!" akọ̀wé ké láti ẹnu ọ̀nà. "Ṣé ẹ ṣì ń fẹ́ra, àbí ẹ ti yí ọkàn padà?"

Ìbídùn ki ọwọ́ bọ abẹ́ bùláòsì, ó ṣí pílásítà náà kúrò.

Gbóyèga fi ọwọ́ méjèèjì di àyà mú. "Yéè! Ìbí, ṣé bó ṣe máa ń ṣe ọ́ nìyí?"

"Lójoojúmọ́," ni Ìbídùn wí, ó sì gbọ́ tí ìfun Gbóyèga tó ti lọ́ pọ̀ tẹ́lẹ̀ tú wọ̀ọ̀, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.