Ẹkún Lékè ní Ilé Ìgbìmọ̀

Àìmọ ìgbà tó yẹ kéèyàn sunkún ni àbùkù Lékè. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọ̀ràn dé tí kò lè di ọ̀la: kílẹ̀ tó ṣú, ilé ìgbìmọ̀ máa dìbò bóyá kí wọ́n ti ilé táwọn àgbàlagbà àdúgbò Highbridge ti ń jẹun ọ̀sán. Lékè ni aṣojú àdúgbò náà nílé ìgbìmọ̀. Màmá Rashidat, tó ń dá gbé, pè é lórí fóònù.

"Lékè, ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ o. Má jẹ́ kí wọ́n tì í."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Màá sunkún fún wọn!"

Ibi àdúrà ìsọjí ni Lékè ti kọ́ ẹkún. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó bá ti bú sẹ́kún, gbogbo ìjọ á wólẹ̀. Ó rò pé bákan náà ni ilé ìgbìmọ̀ rí. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìdọ̀tí, ó sunkún. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí, ó sunkún. Ọ̀rọ̀ eku inú subway, ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, pàápàá, ó fọn ikun. Lákọ̀ọ́kọ́, àánú rẹ̀ ṣe wọ́n, wọ́n ń dìbò tì í lẹ́yìn, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Lékè ò rí i pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi í rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó kàn án láti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, ó rántí Màmá Rashidat. Ẹkún tòótọ́ gbé e, ohùn ò jáde.

Felipe, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kígbe láti ẹ̀yìn: "Ṣé eku yẹn ló kú ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Lékè jókòó.

Zenaida, tóun náà jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀, ló dìde. Obìnrin yìí, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtìjú, á sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Tó bá jẹ́ ti ayọ̀, á dápàárá. Lọ́jọ́ yẹn, ó lu tábìlì.

"Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ìyá mi nìkan ló wà nílé nígbà tó kú, kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn. Tẹ́ ẹ bá ti ilé yìí, ta ló máa kanlẹ̀kùn fáwọn wọ̀nyí?"

Wọ́n dìbò; wọn ò ti ilé náà.

Màmá Rashidat, tó ti wá gbọ́ bó ṣe máa rí, di Zenaida mú níta. "Ọmọ mi, o ṣeun, o ṣeun. Ojú ò ní tì ẹ́ láé." Ó yíjú sí Lékè. "Ìwọ náà, a dúpẹ́ pé o gbìyànjú. Ṣùgbọ́n o ti ná ẹkún wa tán kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé."

Nígbà tí ìdìbò láti yan aṣojú dé, Highbridge yan ẹlòmíì. Lékè gbà, ó sì lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Zenaida, nítorí ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ojú tí a fi ń wò ó. Ẹni tó ń sunkún lórí gbogbo nǹkan, ọjọ́ tí ọ̀ràn bá dé gan-an, wọn ò ní gbà á gbọ́. Ẹ fi ẹkún pamọ́ fún ọjọ́ ẹkún, kí ẹ sì mọ oore ẹni tó gbẹnu sọ fún yín nígbà tẹ́nu yín wúwo. Ilé oúnjẹ náà ṣì wà ní ṣíṣí. Lékè ló ń fọ àwo níbẹ̀ báyìí, ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun.