Ẹ̀kọ́ Kan Ṣoṣo Tí Ìbídùnní Mú Dání

Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, Ìbídùnní jókòó sórí àga ní ọ́fíìsì àwọn ológun ní Ṣakí, bàbá rẹ̀ sì dúró tì í. Ọdún mẹ́ta ni Ìbídùnní fi kọ́ iṣẹ́ dókítà ní yunifásítì kó tó fi í sílẹ̀ láti wọṣẹ́ ológun. Òfin ológun ní kí ẹ̀rọ tó ń pa ìrántí rẹ́ kó ẹ̀kọ́ náà kúrò lórí rẹ̀, kí ẹ̀kọ́ ogun lè ráyè wọlé.

"Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo lo lè mú dání," ni nọ́ọ̀sì tó ń lo ẹ̀rọ náà sọ fún un.

"Bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró," ni Ìbídùnní fèsì. "Ẹ̀jẹ̀ ló dà lára ẹ̀gbọ́n mi títí tó fi kú sójú ogun."

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì tan ẹ̀rọ. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tí ẹ̀rọ fi parí iṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n jáde, bàbá rẹ̀ ṣí ìwé tí Ìbídùnní fi ń kọ ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní yunifásítì fún un. Ìbídùnní dá ọwọ́ ìkọ̀wé ara rẹ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó kọ kò yé e mọ́.

"Bàbá mi, kí ni mo kọ síbí?"

Bàbá rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ jórinjórin, wo ojú ìwé náà títí.

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n," ó ní. "Ìwọ lo máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún mi."