Omi Ògì Ogójì Ọjọ́

"Mu ún kó tó tutù, ìyàwó mi," ni ìyàálé wí ní agboolé wọn l'Ówu, ó gbé igbá omi ògì tó ń rú èéfín sí ìyàwó kékeré lẹ́nu.

Àtìgbà tí ìyẹn ti bímọ ni inú rẹ̀ ti dàrú, orí náà sì dàrú tẹ̀lé e: kò sọ̀rọ̀, kò gbé ọmọ. Ìyá ọkọ wọn ní inú ló gbé orí ró, kí wọ́n fún un ní omi ògì kíkan fún ogójì ọjọ́. Ó pé lónìí.

Ọkọ wọn yọjú. "Kò tíì yàtọ̀?"

"Rárá o, Àlàájì. Ojoojúmọ́ ni mò ń fún un."

"Ó tó. Kó máa lọ sílé bàbá ẹ̀ ní Pápálántò. Ìwọ lo máa tọ́ ọmọ."

Ìyàálé tí kò bímọ rí fi gèlè nu ojú tó gbẹ.

Bí mọ́tò ṣe gbé ìyàwó lọ, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọmọ. Ìyàálé bu omi ògì tútù nínú ìkòkò, ó ń fi ṣíbí fún un.

"Ẹ ò ní gbé e kaná?" ni aládùúgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bi í.

"Kaná kẹ̀? Ìyá ọkọ mi ti kìlọ̀ fún mi: tó bá ti gbóná, ohun tó ń wo inú sàn nínú ẹ̀ ti kú. Ṣé kí orí ọmọ tèmi náà dàrú ni?"