Mẹ́sẹ́éjì Láńre

Wọ́n ti gbé táyà kọ́ Láńre lọ́rùn ní Boundary.

Ẹ̀jẹ̀ kò jẹ́ kó ríran mọ́.

Sànúsí, ọ̀gá tó kọ́ ọ ní wíwa tírélà, ló di kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù mú.

"Èmi lo lù ní jìbìtì, Láńre?"

Láàárọ̀ yìí, mẹ́sẹ́éjì wá láti orí Fesibúùkù Láńre pé kí Sànúsí fi kóòdù báǹkì rẹ̀ ránṣẹ́. Ó fi ránṣẹ́. Owó rẹ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe èmi. Ẹ wo fóònù mi."

Ẹnìkan fi pákó gbá a lẹ́nu. "Burn am jàre."

Fóònù náà já bọ́ lọ́wọ́ Láńre. Èmi tí mo wà láàárín èrò ló mú un nílẹ̀. Tẹ́ẹ́sì tí Fesibúùkù fi ránṣẹ́ lánàá ló wà lójú rẹ̀:

"Ẹnìkan ti wọ Fesibúùkù rẹ lórí fóònù mìíràn. Bí kì í bá ṣe ìwọ, tètè pààrọ̀ páásíwọọ̀dù rẹ."

Láńre ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n ṣe é?"

Èsì Sànúsí wà lábẹ́ rẹ̀: "Má fọwọ́ kàn án. Àwọn gbájúẹ̀ ni. Pa á rẹ́."

Mo na fóònù náà sí Sànúsí. Ó kà á. Ó tún un kà.

Ó jù ú sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ Láńre.

Fóònù náà ló kọ́kọ́ da pẹtiróòlù sí.