Ìgò Inú Oòrùn

Olùwádìí kan ṣáná sí ẹnu ìgò, ó dún pọ́! Háídrójìn dé! Ìyẹ̀fun tó pò sínú omi ìgò náà ti fi oòrùn yọ gáàsì ìdáná lára omi. Ó wo gbogbo àgbàlá ilé tó háyà sí n'Ìgándò, kò rí ẹni tó máa sọ fún.

Mọ́mì Moyọ̀, aládùúgbò rẹ̀, yọjú.

"Bọ̀dá, ẹ má bínú o. Tí òjìji bá ti bo ìgò yín, èmi ni mo máa ń gbé e sóòrùn."

"Kí ló dé, mà?"

"Ṣebí omi àdúrà ni? Mo rí i pé ẹnikẹ́ni kì í wá kí yín, ni mo ṣe ń bá yín ṣàmín sí i."

Ọkùnrin náà yanu láti ṣàlàyé. Àmín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.